Ewé Pẹ́ Lára Ọṣẹ, Ó Di Ọṣẹ: Ìtàn Bí Ọ̀rá Ṣe Gba Ipò Ewé



Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Àwọn tó pa òwe yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Inú ewé ni wọ́n ń di ọṣẹ dúdú sí lọ́jà nígbà náà. Bí ó bá pẹ́ nínú ilé, ewé náà á rọ̀, á dúdú, á sì lẹ̀ mọ́ ọṣẹ títí ojú kò fi ní mọ èyí tí í ṣe ewé mọ́. Lóde òní, inú ọ̀rá ni wọ́n ń di ọṣẹ kan náà sí. Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ wà nínú ọ̀rá fún ogún ọdún, ọ̀rá kò ní di ọṣẹ láéláé. A ó ti fi ọṣẹ wẹ̀ tán, omi rẹ̀ yóò ti ṣàn lọ, ọ̀rá yóò sì wà níbi tí a jù ú sí.

Ìtàn bí ewé ṣe kúrò lọ́wọ́ wa tí ọ̀rá sì wọlé ni mo fẹ́ sọ. Ìdí tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ ni pé àwọn kan ń bú àwọn ènìyàn wa ní ọ̀bùn nítorí ìdọ̀tí tó kún inú gọ́tà àti ojú ọ̀nà. Bí a bá wo ìtàn dáadáa, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju èébú lọ. Ìwà kí á jẹun tán kí á ju ohun tí wọ́n fi dì í sílẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wa ló ti wá, kò sì sí ewu kankan nínú rẹ̀ nígbà tiwọn. Ọwọ́ tí ń ju nǹkan nù kò yí padà. Ohun tí à ń jù nù ló yí padà.

NÍGBÀ TÍ EWÉ Ń ṢE IṢẸ́ Ọ̀RÁ

Kí ọ̀rá tó dé, ewé, igbá àti amọ̀ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ọ̀rá ń ṣe lónìí. Ewé eéran ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ewé ni alápatà fi ń di ẹran fún oníbàárà, ewé ni olóbì sì ń tẹ́ sínú agbọ̀n kí obì má baà gbẹ. Inú àmù ni omi mímu ń wà nínú ilé, ahá ni wọ́n sì fi ń bù ú mu. Ìgò àti kèrègbè ló ń gba epo. Ẹni tó bá fẹ́ ra gààrí tàbí ẹ̀wà, láti ilé ni yóò ti gbé igbá tàbí abọ́ dání lọ sọ́jà.

Ní ilé-kéwú náà, wàláà kan ṣoṣo ni ọmọ ń lò. Bí ó bá ti mọ èyí tí wọ́n kọ fún un, yóò fọ̀ ọ́, yóò sá a sóòrùn, wọn yóò sì kọ òmíràn sí i. Mo mọ wàláà tí ẹ̀gbọ́n lò jáde tí àbúrò tún gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbogbo agbo ilé ló ní ààtàn lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ni ewé ẹ̀kọ, èèpo iṣu, eérú àti ilẹ̀ gbígbá ń lọ. Ewúrẹ́ àti adìẹ á kọ́kọ́ jẹ èyí tí wọ́n lè jẹ níbẹ̀, òjò á rọ̀ sí i, ikán àti ekòló á sì jẹ ìyókù. Kí ọdún tó yí po, ilẹ̀ ibẹ̀ á ti dúdú, tẹ̀tẹ̀ àti elégédé á sì hù láìsí pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Ẹni tó jẹ ẹ̀kọ lójú ọ̀nà oko tó ju ewé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igbó kò ṣe ẹnì kankan níbi. Ohun tó ti inú ilẹ̀ wá ló dá padà fún ilẹ̀.

IBI TÍ IKE TI ṢẸ̀ WÁ

Ẹni tó bá rí ohun tí ike ń ṣe lónìí lè rò pé ọ̀tá ọmọ ènìyàn ló ṣe é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1869, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Wesley Hyatt ń wá ohun tí wọ́n lè lò dípò eyín erin láti ṣe bọ́ọ̀lù fún eré bílíádì. Eyín erin wọ́n, erin tí wọ́n sì ń pa nítorí rẹ̀ kò lóǹkà. Hyatt fi òwú tí wọ́n ti pò mọ́ kẹ́míkà àti káńfọ̀ ṣe ohun tí wọ́n pè ní celluloid. Ní ọdún 1907, Leo Baekeland, ọmọ ilẹ̀ Belgium tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ṣe èyí tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, ìyẹn Bakelite. Kò sí òwú nínú èyí, kò sì sí ìwo tàbí eyín ẹranko. Kẹ́míkà pátápátá ni.

Baba ọ̀rá tí a mọ̀ lónìí ni wọ́n ṣèèṣì rí ní oṣù kẹta ọdún 1933. Ní ilé-iṣẹ́ ICI ní ìlú Northwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Reginald Gibson àti Eric Fawcett ń fi agbára ńlá tẹ gáàsì kan mọ́lẹ̀ nínú irin láti wo ohun tí yóò ṣe. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i, wọ́n bá ohun funfun kan níbẹ̀ tó dà bí àbẹ́là. Wọn kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe ní kíákíá. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, wọ́n rí i pé ó dára láti fi bo wáyà inú ẹ̀rọ rédà tí ọkọ̀ òfuurufú fi ń wá àwọn ọ̀tá. Ogun parí ní 1945, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é sì ní láti wá iṣẹ́ mìíràn fún un.

Ní ọdún 1965, Sten Gustaf Thulin, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Celloplast ní Sweden, gba ìwé àṣẹ fún àpò ọ̀rá ọlọ́wọ́ méjì tí gbogbo ayé ń gbé lọ sọ́jà báyìí. Ọmọ rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ńṣe ni baba òun máa ń ká ọ̀rá sínú àpò aṣọ rẹ̀ kí ó lè tún un lò. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ yẹn: ẹni tó ṣe é kò ṣe é fún lílò lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá pọ̀, kò sì wọ́n, ohun tí kò bá sì wọ́n kì í pẹ́ di ohun tí a ń jù nù. Ní 1950, gbogbo ike tí ayé ṣe lọ́dún náà tó nǹkan bí mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù. Ní àkókò tiwa yìí, ó ti ju mílíọ̀nù 400 tọ́ọ̀nù lọ lọ́dún kan. Àwọn oníwádìí Amẹ́ríkà tó ṣírò rẹ̀ ní 2017 rí i pé nínú gbogbo ike tó ti di ìdọ̀tí títí di 2015, nínú ọgọ́rùn-ún, 9 péré ni wọ́n tún lò láti ṣe nǹkan mìíràn. Wọ́n dáná sun 12. Èyí tó kù, 79, wà lórí ààtàn, nínú ilẹ̀ àti nínú omi. Àwọn baba wa sọ pé bí Onírèsé bá ní òun kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Bí gbogbo ilé-iṣẹ́ ọ̀rá bá ti ilẹ̀kùn lónìí, èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ wà pẹ̀lú wa.

BÍ Ó ṢE WỌLÉ TỌ̀ WÁ

Ohun iyì ni ike nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ àti búta àlùwàlá tí wọ́n fi ike ṣe fúyẹ́ lọ́wọ́, kì í dógùn-ún bí irin, kì í sì í fọ́ bí amọ̀. Ìyàwó a máa kó o wọlé ọkọ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Bí ó bá sán, wọn yóò fi ọ̀bẹ gbígbóná jó o pọ̀, wọn yóò sì máa lò ó lọ. Irú ike báyẹn kò dá wàhálà sílẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń jù ú nù.

Ọ̀rá ló yí ọ̀rọ̀ padà. Àwọn tó ń ta omi tútù ní gáréèjì, tí gbogbo èrò ọkọ̀ ń fi ife kan ṣoṣo mu tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ di omi sínú ọ̀rá. Láàárín àwọn ọdún 1990, ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá pa gbòde, omi inú ọ̀rá sì di ohun tí gbogbo wa ń pè ní piọ́wọ́tà. Àjọ NAFDAC, tí ìjọba fi òfin dá sílẹ̀ ní 1993, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ń ṣe é ní nọ́ńbà. Láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Eleme, nítòsí Port Harcourt, bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì ilẹ̀ wa ṣe kóró ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá. Ọ̀rá kò tún jẹ́ àlejò mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́: piọ́wọ́tà ṣe wá lóore. Ife àjùmọ̀mu ní gáréèjì a máa kó àrùn láti ẹnu kan dé èkejì. Níbi tí ẹ̀rọ omi ìjọba ti gbẹ, piọ́wọ́tà ló gba ipò rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí á ṣáà pa á run láìsọ ibi tí tálákà yóò ti rí omi mímọ́ mu kò tíì rò ó jinlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wá bá mi ṣírò. Bí a bá ṣe wólímọ̀ fún ọ̀ọ́dúnrún (300) àlejò, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mu omi méjì, 600 ọ̀rá ni a ó gbá nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, láìka ọ̀rá tí wọ́n fi kó o pọ̀, abọ́ fóòmù àti ṣíbí ike. Bí ó bá jẹ́ ewé ẹ̀kọ 600 ni, ewúrẹ́ àdúgbò ìbá ti parí ọ̀rọ̀ náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

OMI TÍ KÒ RÍ Ọ̀NÀ LỌ

Omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Bí a bá dí i mọ́ ọn, yóò gba inú ilé wa kọjá. Àwọn ará Ìbàdàn kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀ tó sì pa ènìyàn tó lé ní 200. Nígbà náà, ọ̀rá kò tíì gbòde tó báyìí. Ilé tí wọ́n kọ́ sí bèbè odò àti ìdọ̀tí tí wọ́n dà sínú rẹ̀ ló dí omi. Bí ìdọ̀tí tí apá púpọ̀ rẹ̀ lè jẹrà bá lè dá irú ìyẹn sílẹ̀, kí ni èyí tí kì í jẹrà kò ní ṣe? Nígbà tí àgbàrá tún kọlu Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100, ọ̀rá ti wà nínú ohun tí wọ́n ń wú jáde láti inú gọ́tà àti abẹ́ afárá.

Ìlú mìíràn tó rí irú rẹ̀ ni Dhaka, olú-ìlú Bangladesh, ilẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ àwọn odò ńláńlá ni. Ní 1988, omi bo nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta orílẹ̀-èdè náà. Ní 1998, omi tún kún, ó sì dúró pẹ́ nínú ìlú. Nígbà tí wọ́n wádìí ìdí tí omi kò fi ṣàn lọ, wọ́n bá ọ̀rá tó dí àwọn gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ pa. Kò ju nǹkan bí ogún ọdún lọ tí ọ̀rá dé ọ̀dọ̀ wọn.

OHUN TÓ Ń ṢE SÍ ARA WA

Ewu ọ̀rá kò mọ sí gọ́tà. Ike àti táyà tó gba omi òjò sára di ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí, ẹ̀fọn ló sì ń gbé ibà wá. Ewúrẹ́ àti màlúù tó jẹ ọ̀rá mọ́ oúnjẹ kò lè dà á nínú, bí ó bá pọ̀ nínú wọn, yóò pa wọ́n.

Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé dídáná sun ún ni ìmọ́tótó. Èéfín ike máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá ti ọmọdé àti ti ẹni tó ní ikọ́ fée. Bí irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi àti ara wáyà iná bá wà nínú ohun tí à ń sun, májèlé kan tó ń jẹ́ dioxin lè jáde nínú èéfín rẹ̀, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ewé gbígbẹ ni àwọn ìyá wa ń sun lẹ́yìnkùlé láyé ọjọ́un. Iná yẹn kọ́ ni iná yìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ gbígbóná. Ewé eéran tí a fi se mọ́ínmọ́ín kò ní kẹ́míkà tí ẹnì kan pò mọ́ ọn. Ike ní in, ooru àti epo sì máa ń fa irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ jáde sínú oúnjẹ. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní BPA. Nítorí ìbẹ̀rù ohun tó lè ṣe sí ìdàgbàsókè ọmọ ọwọ́, gbogbo orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin dè é nínú ìgò oúnjẹ ọmọ ní 2011.

Èyí tó tún ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé ike tó gbó sínú oòrùn kì í tán. Ńṣe ló ń rún wẹ́wẹ́ títí ojú kò fi ní rí i mọ́. Ní 2021, àwọn dókítà ilẹ̀ Ítálì kéde pé àwọn rí ẹ̀rún ike nínú ibi ọmọ àwọn aláboyún. Ní 2022, ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn 22 wò, wọ́n sì bá ike nínú ẹ̀jẹ̀ 17 lára wọn. Ní 2024, àwọn oníwádìí kan ní Ítálì yẹ ọ̀rá ara tó dí iṣan ọrùn àwọn aláìsàn wò. Àwọn tí wọ́n bá ẹ̀rún ike nínú tiwọn ni àrùn ọkàn, rọpárọsẹ̀ tàbí ikú tètè bá ju àwọn yòókù lọ. Àwọn oníwádìí náà fúnra wọn sọ pé èyí kò tíì fi hàn pé ike ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́n kì í dúró kí iná dé orí òrùlé kí ó tó bu omi.

OHUN TÍ ÀWỌN ÌLÚ MÌÍRÀN ṢE

Bangladesh ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ láyé tó fi òfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ní 2002 ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Dhaka. Inú àwọn ènìyàn dùn, gọ́tà sì mọ́ fúngbà díẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀rá fi padà sọ́jà, nítorí àwọn tó ń ṣọ́ òfin dẹwọ́, ohun tí aláìní yóò fi rọ́pò rẹ̀ kò sì pọ̀ lọ́jà ní iye tí apá rẹ̀ ká. Ní 2024, ìjọba ibẹ̀ tún ní láti gbé òfin náà dìde.

Ohun tó ṣe ni ní kàyéfì ni pé Bangladesh wà nínú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe okùn àpò ìdọ̀họ jù lọ láyé. Ewédú tí à ń sè jẹ wà lára igi tí wọ́n ń bó okùn náà lára rẹ̀. Irú àpò yẹn ni àwọn baba wa fi ń di kókò. Ohun ìrọ́pò ti wà nínú oko wọn, ọ̀rá ló fi ọ̀pọ̀ àti owó pọ́ọ́kú borí rẹ̀ lọ́jà.

Rùwáńdà fi òfin dè é ní 2008, Kẹ́ńyà ní 2017, òfin ti Kẹ́ńyà sì le débi pé ẹni tó bá ṣe ọ̀rá tàbí tó kó o wọlé lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà fi òfin de abọ́ fóòmù funfun ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú gbogbo rẹ̀ ni pé òfin nìkan kò tó. Ẹni tó bá gba ọ̀rá lọ́wọ́ ìyá tó ń ta gààrí gbọ́dọ̀ fi nǹkan mìíràn sí i lọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n sì ń jèrè rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé nínú ẹrù kíkó o padà, kì í ṣe ìyá arúgbó ìsọ̀ nìkan.

ÈYÍ TÓ KÀN WÁ

Èyí tó wà níkàáwọ́ wa kò kéré. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa ní ilé-kéwú pé mímú ohun tó lè ṣe ènìyàn léṣe kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ìgbàgbọ́. Ẹ̀gún àti òkúta ló máa ń wá sí wa lọ́kàn bí a bá gbọ́ ọ. Ọ̀rá tó dí gọ́tà tí omi fi wọ ilé opó kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò ń ṣeni léṣe ju ẹ̀gún lọ.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jẹ́ kí á padà sí ewé eéran fún mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Adùn rẹ̀ yàtọ̀, ẹni tó ń ta ewé náà yóò sì jẹun. Ẹ má ṣe bu ohun gbígbóná sínú ọ̀rá fún ọmọ. Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ mú àpò àti abọ́ dání láti ilé bí àwọn ìyá tiyín ti ń ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò wólímọ̀ àti ìṣínu oṣù Ààwẹ̀, kúlà omi tó ní ẹnu ẹ̀rọ àti ife tí a lè fọ̀ lè gba ipò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rá. Níbi tí a bá ti gbọ́dọ̀ lo piọ́wọ́tà, kí á gbé àpò ńlá kan sí ẹnu ọ̀nà láti kó òfìfo ọ̀rá sí. Àwọn tó ń rà á ní ìwọ̀n kílò wà ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, owó rẹ̀ lè ra ìwé fún àwọn ọmọ kéwú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin lẹ lágbára. Ẹ kó gọ́tà àdúgbò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí omi bá ti wọlé. Ẹ má sì dáná sun ohun tí ẹ bá kó jáde. Kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí, bí wọn kò bá sì wá, kí ẹ lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ pé owó orí wa dà.

Àwọn baba wa kò ní ìmọ̀ ike, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n fi lé wa lọ́wọ́ mọ́. Ewé tí wọ́n jù sílẹ̀ ti di ilẹ̀ dúdú tí àwa fi gbin ẹ̀fọ́ jẹ. Àwọn ọmọ ọmọ wa yóò gbẹ́ ilẹ̀ kan náà lọ́jọ́ kan. Kí Ọlọ́run Ọba má ṣe jẹ́ kí wọ́n bá ohun tí wọn yóò fi bú wa níbẹ̀. Àmín.